Ìyá àgbà sọ ọmọ wa ní Àwẹ̀ró, ṣé ó bá ọmọ ayé ìsinsìnyí mu?

ÌyáTuntun_Bódìjà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń di ariwo nínú ilé wa. Mo bímọ obìnrin, àkọ́bí wa ni, ìkómọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ti mú Ìníolúwa tipẹ́, kò síjà níbẹ̀. Àmọ́ ìyá àgbà tó bí bàbá ọkọ mi wá láti Ọ̀fà wá wo ọmọ, wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, bí wọ́n ṣe gbọ́mọ lọ́wọ́ mi báyìí ni wọ́n fi ẹnu kàn án níwájú orí, wọ́n ní "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà, o káàbọ̀." Látìgbà yẹn ọmọ ti di Àwẹ̀ró, ìyá tó ń bá wa wẹ̀ ẹ́ ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn tá a jọ ń gbélé ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi wá ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ ti inú ilé nìkan, pé ká fi ṣe orúkọ àkọ́kọ́ nínú sẹ̀tífíkéètì, kí Ìníolúwa tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni mo ti ní rárá. Tó bá jẹ́ Àdùnní tàbí Àríkẹ́ ni, mi ò ní jiyàn, àwọn yẹn ti padà wọ ìgboro, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, àwọn ìyá arúgbó nìkan ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ ẹ. Àbúrò mi ní ṣé mo fẹ́ kọ́mọ máa gbé orúkọ ìyá ìyá ìyá ẹ̀ kiri kíláàsì ni. Tí ìyá bá ń pè é ó dùn létí mi o, ọjọ́ iwájú ọmọ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi oríkì ṣe orúkọ, tàbí tẹ́ ẹ fi sọ ọmọ yín, báwo ló ṣe rí?

Alhaji_Gbági
Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á wò ó, á dàgbà á dògbó. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìyá tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti wo ilé, wọ́n ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Àwẹ̀ró, kó wà níwájú bí bàbá ẹ̀ ṣe wí.

Àbẹ̀kẹ́_Èkó
Ìyá ọmọ, ẹ kú oríire. Èmi gan-an lẹ bá pàdé. Àbẹ̀kẹ́ ló wà níwájú nínú gbogbo ìwé mi, bàbá mi ló fi síbẹ̀, mi ò ní orúkọ òyìnbó kankan tí mo lè sá sí. Ní pírámárì kò sí wàhálà torí Múṣin la wà, gbogbo wa là ń jẹ́ Yorùbá. Sẹ́kọ́ńdìrì lojú mi ti rí nǹkan, ilé ìwé tí wọ́n gbé mi lọ, àwọn Stephanie àti Jennifer ló kún ibẹ̀, bí tíṣà bá ti pe orúkọ mi báyìí, àwọn kan á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, wọ́n á ní "ẹ kú ọjà mà, èélòó lẹ̀kọ?" Mo ń sunkún délé. Ó débi pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì níbòmíì, mo sọ fáwọn ọmọ ibẹ̀ pé Abby lorúkọ mi.

Yunifásítì ló yí i padà. Mo ṣàkíyèsí pé lẹ́kíṣọ́rà kì í gbàgbé mi, àwọn Tósìn pọ̀ ní kíláàsì wa tí wọ́n fi ń ṣi ara wọn mú, èmi nìkan ni Àbẹ̀kẹ́. Lónìí tí mò ń ta aṣọ, orúkọ yẹn ló wà lára gbogbo páálí tí mo fi ń di ọjà, àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín, àwọn ọdún sẹ́kọ́ńdìrì yẹn le fún mi, mi ò sì fẹ́ ẹ fún ọmọ ẹlòmíì. Ẹ fi Ìníolúwa síwájú, ẹ fi Àwẹ̀ró sáàárín, tó bá dàgbà tó wù ú á mú un jáde fúnra ẹ̀.

Bàbá_Kékeré_Ọ̀yọ́
Mi ò bá ẹ̀yin méjèèjì lọ, ẹ má bínú. Oríkì kì í ṣe orúkọ ìwé rárá, yálà níwájú yálà láàárín. Ohun tí àgbà fi ń pe ọmọdé ni, tí òbí fi ń rọ ọmọ. Nílé tiwa, tó o bá jí láàárọ̀ tó o lọ dọ̀bálẹ̀, bàbá ò ní pe orúkọ ẹ, wọ́n á ní "Àjàní, ṣé dáadáa lo jí?" orí ẹ á wú, inú ẹ á dùn títí di ọ̀sán. Ọmọ tó bá ń ṣàìsàn tí kò fẹ́ fẹnu kan oúnjẹ, òun ni wọ́n á fi pè é. Ọmọbìnrin tó ń rọbí, òun ni ìyá ẹ̀ á máa pè sí i létí, kó lè gbìyànjú sí i. Ọmọdé kì í sì í fi oríkì pe àgbà, àfojúdi gbáà ni.

Ẹ wá fẹ́ gbé e fún tíṣà kó máa pariwo pé Àwẹ̀ró ò wá lónìí, Àwẹ̀ró ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí òṣìṣẹ́ báńkì tí ò bá a tan máa pè é, kí ẹni tó ń bá a jà lójú pópó fi bú u. Tí gbogbo ayé bá ti ń pè é, kí ni ìyá àgbà máa wá fi kì í tí orí ẹ̀ á fi wú? Ẹ fi Ìníolúwa sínú ìwé, kí Àwẹ̀ró wà lẹ́nu àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tíṣà_Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí nínú rẹ́jísítà, torí àwọn ọmọ kékeré ni mò ń kọ́. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ohun tí wọ́n fojú yín rí kò dáa, àmọ́ ayé yẹn ti ń kọjá lọ. Lọ́dún yìí mo ní Àríkẹ́, mo ní Àdùkẹ́, mo ní Àdùnní ju ẹyọ kan lọ, mo ní Àṣàkẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ ìwòyí, Àṣàkẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin olórin yẹn, Ahmed Ololade, orúkọ ìyá ẹ̀ ló mú tó fi ń kọrin, láti 2022 tó ti gba ìgboro, orúkọ yẹn ti kúrò lórúkọ ìyá ọlọ́jà lójú wọn. Ọmọ tó fẹ́ fini ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè fi Grace ṣe é, ó lè fi David ṣe é.

Àwẹ̀ró ni mi ò tíì ní, ẹ ṣì máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni bí wọ́n á ṣe máa pè é. Ìwé kì í ní àmì, A-W-E-R-O ni tíṣà máa rí, bó bá sì ṣe bọ́ sí i lẹ́nu ni á ṣe pè é. Àpèkẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi, tíṣà tó kọ́ ọ ṣáájú ń pè é bí ìgbà téèyàn ń ka orúkọ ará ìlú òkèèrè, ọmọ náà sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀, ó ti gbà pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ìgbà tí mo pè é bó ṣe yẹ, ó kọ́kọ́ wò mí lójú, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní "bí màmá àgbà ṣe ń pè mí nìyẹn." Torí náà tẹ́ ẹ bá fi síwájú, ẹ kọ́ ọmọ náà láti kékeré kó lè máa pe orúkọ ẹ̀ ketekete fún ẹni tó bá ṣì í pè, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ tàmì-tàmì sára ìwé àti báàgì ẹ̀.

ỌmọAdó_Èkìtì
Ẹ kú ewu. Nílé bàbá mi ní Adó, wọn ò fún èyíkéyìí nínú wa nírú oríkì báyìí, orúkọ wa la ní àti oríkì ilé. Ìyàwó mi tó wá láti Ìsẹ́yìn ló bi mí nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra pé kí ni oríkì mi, mo ní mi ò ní, ẹnu yà á. Nígbà tá a bí obìnrin, bàbá ìyàwó mi sọ ọ́ ní Àmọ̀kẹ́. Màmá mi kọ́kọ́ ní kí ló ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́, ní báyìí àwọn ló ń pè é jù. Kò sí nínú ìwé kankan o. Mo kàn ní kí n fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ń fúnni, ẹni tí ò bá ní kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀.

Lékan_Peckham
Ẹ kú oríire láti ìlú ọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó fi sáàárín, ẹ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ àárín lọ́dọ̀ wa níbí. Ṣe ló ń kú. Ilé ìwé kì í pè é, dókítà kì í pè é, inú pasipọ́ọ̀tù ló ń sùn sí. Ọmọ wa àgbà, Michelle la fi síwájú, Àyọ̀ká sáàárín, torí ẹ̀rù tó ń ba ìyá ọmọ yìí náà ló ń bà wá. Lónìí tẹ́ ẹ bá pe Àyọ̀ká kò ní wojú yín. Àbúrò ẹ̀ la wá sọ ní Àjọkẹ́ níwájú, láti nọ́sìrì làwọn òyìnbó ti ń pè é, wọn ò gbé ohùn ẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n wọ́n ń gbìyànjú, ọmọ náà sì ń tọ́ wọn sọ́nà láìbẹ̀rù. Ó mọ̀ pé Yorùbá lòun. Èyí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń bi mí báyìí pé kí ló dé tí òun ò ní irú ẹ̀.

Fún ẹni tó bá ń kà á láti ìhín tó sì ń kánjú: ní England, ọjọ́ 42 ni wọ́n fún yín láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí orúkọ tí kì í ṣe ti bàbá padà, oṣù 12 lẹ ní lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ lé yín sáré.

Ìyàwóilé_Ìjẹ̀bú
Kí gbogbo yín tó máa jà, ẹnì kankan ò tíì bi í ní ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù. Oríkì ta ni? Ṣé ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọmọ náà tí wọ́n fún un ni, àbí oríkì ẹnì kan nínú ilé yẹn ni? Torí tó bá jẹ́ ti àgbà ilé ọkọ, ìyàwó ilé ò lè máa pè é bó ṣe wù ú. Èmi ò lè la ẹnu mi pe orúkọ ìyá ọkọ mi láéláé, ọmọ mi tó jẹ́ orúkọ wọn, "Màmá" la gbogbo ìyàwó ilé ń pè é, ọmọ ọdún mẹ́rin là ń kúnlẹ̀ kí ní Màmá. Tẹ́ ẹ bá wá fi sínú sẹ̀tífíkéètì, ẹ̀yin ìyá ẹ̀ lẹ máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ lọ bi wọ́n dáadáa kẹ́ ẹ má baà tẹ̀ wọ́n lójú mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ dúpẹ́ pé Àwẹ̀ró ni wọ́n fún yín. Àwọn ìyàwó ilé wa, Ìbàdíàrán ni wọ́n ń pe ọmọ mi kejì, látìgbà tá a ti so ìlẹ̀kẹ̀ sí i nídìí. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀, lójú tèmi ọmọ ọwọ́ ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi ìbàdí kì.

Alhaja_Ìlọrin
Ìyàwóilé, kò sí ohun tó burú nínú Ìbàdíàrán. Ìdí tó yẹ láṣọ àrán ni wọ́n ń sọ, aṣọ olówó, wọ́n ń ṣàdúrà fọ́mọ ni. Àwọn ìyàwó ilé ló máa ń fún ọmọ ọkọ ní orúkọ àlàjẹ́ bẹ́ẹ̀ torí wọn ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹ̀. Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó, Adúmáradán, gbogbo ẹ̀ la gbọ́ dàgbà. Ó wù mí kéèyàn rí ẹni tí á ṣì pe òun bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọmọ, Àwẹ̀ró ni ìyá ìyá mi. Ẹni tí a wẹ̀ tán tí a ró aṣọ fún, ẹ wo bó ṣe dùn tó, ọmọ ọwọ́ gan-an ló yẹ. Ní tiwa, àáfà á sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, Habibat tàbí Rahmat, kí àáfà tó dìde ìyá àgbà á ti sọ tiẹ̀ láti inú yàrá, Àṣàbí, Àlàkẹ́, Àbẹ̀ní, kò sẹ́ni tó rí i bí ìjà. Mo ń sọ èyí torí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Kristẹni, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọ fún un pé oríkì ní ọwọ́ òrìṣà nínú, ló bá dẹ́kun pípe ọmọ ẹ̀ ní Àkànkẹ́, tó sì jẹ́ pé nǹkan tó ń mú ọmọ yẹn dákẹ́ ẹkún nìyẹn. Ẹ gbọ́ mi, kẹ́ àti ró àti ní, èwo ni òrìṣà níbẹ̀? Ìfẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, mò ń kí ìrun mi, ẹni tó bá sì pè mí ní Àṣàbí ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi.

Ní ti ìwé, ẹ fi síbẹ̀. Ibi tí ìyá mi ò fi tèmi síbẹ̀, àwọn ọmọ mi ò mọ̀ pé mo ní oríkì títí wọ́n fi dàgbà.

ÌyáTuntun_Bódìjà
Ẹ ṣé púpọ̀ o, mo ń ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi. Ìyàwóilé_Ìjẹ̀bú, mo lọ béèrè. Oríkì ìyá tó bí ìyá àgbà fúnra wọn ni, ọmọ Ọ̀fà làwọn náà, wọ́n ní ojú ọmọ yìí àti iwájú orí ẹ̀ ni tiwọn gẹ́lẹ́. Mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí ìyá ọkọ mi ò fi pe Àwẹ̀ró rí látìgbà tá a ti wà nílé, "Ìyá Kékeré" ni wọ́n ń pè é, mo ti rò pé wọn ò fẹ́ràn orúkọ náà ni. Bàbá Kékeré, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ẹni tó ń rọbí yẹn mú omi bọ́ lójú mi, torí ìyá mi ṣe é fún mi ní yàrá ìbímọ.

Bàbá_Kékeré_Ọ̀yọ́
Ẹ kú ewu o. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, a kì í sábà gbé oríkì olóògbé fún ọmọ tuntun, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń gba tiẹ̀ bí àgbà bá ṣe rí i sí. Tó bá jẹ́ pé ìyá ló padà wá, Yétúndé wà fún ìyẹn.

Alhaja_Ìlọrin
Bàbá, ilé yín nìyẹn. Nínú ilé wa Àlàkẹ́ mẹ́ta ló wà láyé lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà, àárín àti kékeré, tí wọ́n bá sì pe ọ̀kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dáhùn.

Olùkàwé_Ifẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó lè gùn díẹ̀. Bàbá Kékeré ní oríkì kì í ṣe orúkọ ìwé. Ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Àkàndé, Àlàó, Àjàní, Àlàbí, Àkànbí, Àdìgún, oríkì ni gbogbo wọn, inú ìwé ni wọ́n sì wà, orúkọ bàbá ni wọ́n jẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lónìí. Bísí Àkàndé ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003. Àlàó-Akálà ṣe ti Ọ̀yọ́ títí di 2011. Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá gbé tiwọn sára àwo orin, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí tó wàjà ní 2022, Àtàndá ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Ẹ bá mi wá ẹni tó sọ pé Àkàndé ti gbó jù fún ọmọkùnrin ìsinsìnyí. Kò sí.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Orúkọ bàbá là ń jẹ́ nílé, orúkọ ọkọ là ń gbà tá a bá lọ́kọ. Àwẹ̀ró ò lè di orúkọ ìdílé, Àkànkẹ́ ò lè dà á, Àpinkẹ́ ò lè dà á, ẹnu ìyá àgbà nìkan ni wọ́n ń gbé, tí ìyá bá sì ti lọ, wọ́n á bá wọn lọ. Ohun tó jẹ́ ká máa rí i bí orúkọ arúgbó nìyẹn, a ò rí i níbòmíì ni. Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ka Àwẹ̀ró mọ́ oríkì obìnrin pẹ̀lú Àmọ̀kẹ́ àti Àyọ̀ká, ó tiẹ̀ ní oríkì àwọn ọmọ kan máa ń gbajúmọ̀ débi tí wọn ò fi mọ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n gan-an. Nígbà yẹn gbogbo àdúgbò ló ń pè é, kì í ṣe inú yàrá nìkan. Èmi fẹ́ kí ọmọ yìí jẹ́ Àwẹ̀ró níwájú, kí wọ́n pè é níbi ìgboyè, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀.

Bàbá_Kékeré_Ọ̀yọ́
Olùkàwé, ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbe ẹ̀rí mi lẹ́yìn láìmọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó tó wà ní ọ́fíìsì, tí wọ́n bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, ṣé orí ẹ̀ ń wú? Kò wú mọ́. Ó ti di orúkọ bíi ti gbogbo èèyàn. Tí bàbá ẹ̀ bá fẹ́ kì í, wọ́n ní láti wá oríkì mìíràn fún un. Ohun tí mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí Àwẹ̀ró nìyẹn.

Kúnlé_Ìwéọ̀fíìsì
Ẹ má gbàgbé ìwé o, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, mò ń bá àwọn èèyàn tún orúkọ wọn ṣe. Àyè mẹ́ta péré ló wà lórí fọ́ọ̀mù NIN, orúkọ bàbá, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó orúkọ mẹ́fà fọ́mọ lọ́jọ́ ìkómọ, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló máa wọlé. Ẹ pinnu èyí méjì tó máa wọ ìwé kẹ́ ẹ tó lọ gba sẹ̀tífíkéètì ọmọ lọ́dọ̀ àjọ NPC, kẹ́ ẹ sì máa tò ó bákan náà níbi gbogbo, ilé ìwé, ọsibítù, pasipọ́ọ̀tù. Ọmọbìnrin kan wá bá mi, oríkì ẹ̀ ló wà níwájú nínú sẹ̀tífíkéètì, nígbà tó wọ ilé ìwé màmá ẹ̀ fi orúkọ Bíbélì síwájú kó má baà tijú, ó wá di ìgbà tó fẹ́ lọ sókè òkun, ìwé kan ò bá èkejì mu. Àfídáfíìtì ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, ó náwó, ó fàsẹ́yìn. Níwájú ni o, láàárín ni o, kò kàn mí, ẹ ṣáà mú ọ̀kan kẹ́ ẹ dúró tì í.

Àbẹ̀kẹ́_Èkó
Lékan, orúkọ àárín kì í kú tí ẹ ò bá pa á. Sade Adu tí wọ́n bí n'Ìbàdàn ní 1959, Helen ló wà níwájú nínú orúkọ ẹ̀, Fọláṣadé ló tẹ̀lé e, èwo ni ayé mọ̀ ọ́n sí? Ohun tí wọ́n ń pè é nílé ló borí. Ẹ̀yin lẹ ò pe Àyọ̀ká, torí ẹ ò pè é ni kò fi dáhùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí pè é lónìí, kò tíì pẹ́ jù.

Lékan_Peckham
Àǹtí, ìyẹn bà mí gan-an, òótọ́ ni. Mo ti gbọ́.

ÌyáTuntun_Bódìjà
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. A jókòó lálẹ́ àná, èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi. Ìníolúwa Àwẹ̀ró la fẹ́ fi sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà la ó sì máa tò ó níbi gbogbo bí Bọ̀dá Kúnlé ṣe wí. Ọkọ mi gbà, ó ní bí a bá ṣáà ti ń pè é lójoojúmọ́, kò ní bá mi jà lórí èwo ló ṣáájú. Lójú ìyá ọkọ mi "Ìyá Kékeré" ló ṣì jẹ́, wọ́n ní ẹnu àwọn ò lè gbe Àwẹ̀ró, a fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo ń pè é jù báyìí tí mo bá ń fún un lọ́mú.

Tíṣà_Abẹ́òkúta, mo ti rí àǹtí tó ń gbé orúkọ sára aṣọ ọmọ, mo ní kó fi àmì sí i, ìsàlẹ̀ àti òkè, gbogbo ẹ̀.

Bàbá_Kékeré_Ọ̀yọ́
Kò dùn mọ́ mi tó pé ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bímọ. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe fún mi, kẹ́ ẹ sì ṣe é kí ìyá tó padà sí Ọ̀fà. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí wọ́n bá gbọ́mọ lọ́wọ́, láàárọ̀ kùtù tí ilé bá dákẹ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kì í láti orí dé ìparí. Àwẹ̀ró ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìyókù tó tẹ̀lé e, ti Ìyẹ̀rú Ọ̀kín àti ìjàkadì, ibẹ̀ ni orúkọ àwọn tó bí i wà. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ má sì ní kí wọ́n tún un sọ torí ariwo, tí wọ́n bá ti dúró wọn kì í sábà rántí ibi tí wọ́n dé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀ ibi tí kò bá yé yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

ỌmọAdó_Èkìtì
Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, tèmi tí mi ò ní rí, tí mo sì ti pé ogójì ọdún, ṣé wọ́n ṣì lè fún mi ní ọ̀kan báyìí?

Bàbá_Kékeré_Ọ̀yọ́
Wọ́n lè fún yín. Ẹ má fúnra yín mú un o, àgbà ló ń fúnni. Bàbá ìyàwó yín tó sọ ọmọ ní Àmọ̀kẹ́, ẹ lọ bá wọn tẹ̀yin ti ọmọ, ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wo ojú yín kí wọ́n pè yín.